Sikánà kò tàn nínú Camry Muscle yìí, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ dákun

Ọmọ Lágéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru. Mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, mo sì ti dá ṣọ́ọ̀bù kékeré sílẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí, kò jìnnà sí Lágéré. Oṣù méjì rèé tí mo ra sikánà, ẹ̀rọ tí a fi ń ka àìsàn ọkọ̀. Àlòkù ni, èyí tó ní ojú kékeré, tí wáyà rẹ̀ ń wọ abẹ́ sítíárì. Látìgbà náà, kò yọ mí lẹ́nu rí.

Láàárọ̀ yìí ni tíṣà kan gbé Camry Muscle rẹ̀ wá, ọdún 2008. Iná check engine ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbé, ọkọ̀ ń sáré. Mo ki ẹnu sikánà bọ ojúhò rẹ̀. Òkùnkùn biribiri. Kò dún, kò tàn, kò ṣẹ́jú. Mo yọ ọ́, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo tún kì í bọ̀ ọ́, pàbó. Mo mú un lọ sínú Corolla aládùúgbò mi, kíá ló tàn. Mo padà sínú Camry, ó tún di òkú.

Ọkùnrin tó ń tún AC ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló jó, pé òun mọ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ rẹ̀. Iye tó pè é, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ níwájú tíṣà yìí. Orí bẹ́ǹṣì ló sì jókòó sí tó ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ fóònù. Kí ni kí n ṣe?

Òṣómàáló

Má ra brain box kankan. Má tilẹ̀ jẹ́ kí tíṣà gbọ́ ọ sétí.

Ọkọ̀ tó ń gbé, tó ń sáré, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe brain box ló ń fún sikánà níná. Ọ̀dọ̀ bátìrì ni iná ti ń wá tààrà, á gba inú fíúsì kan, á yọ sí ihò 16 nínú sókẹ́ẹ̀tì tí ẹnu sikánà ń wọ̀. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí apá òdì bátìrì, wà ní ihò 4, òmíràn tún wà ní 5. Ẹ yọ brain box kúrò nínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì, sikánà ṣì máa tàn. Tí kò bá ti tàn, yálà iná kò dé, tàbí ẹ́ẹ̀tì ò sí.

Iléṣà ni mo wà, ẹ sì mọ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń gba gbèsè. Lọ bá bọ́ọ̀sì fíúsì yẹn, lóṣòó ni kó o wà títí tó máa fi san owó ẹ.

Bàbá Rèwáyà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọmọ Iléṣà yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀, torí mo rí i pé àwọn ọmọdé ń kì í bọ̀ láìmọ ohun tí wọ́n ń kì bọ inú kí ni.

Peugeot 504 ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kò sí sókẹ́ẹ̀tì kankan nínú ẹ̀, etí wa ni sikánà. Nígbà tó di ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sókẹ́ẹ̀tì olóhò 16 yìí, kí sikánà kan náà lè bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Yúróòpù tẹ̀ lé e lọ́dún 2001 fún ọkọ̀ oníbẹntiróòlù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ọkọ̀ Yúróòpù àtijọ́ mìíràn tó ní sókẹ́ẹ̀tì náà, tí sikánà gbogbo ayé á tàn nínú ẹ̀, àmọ́ tí wọn ò ní gbọ́ èdè ara wọn. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o wo sókẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Apá kan rẹ̀ fẹ̀ ju ìkejì lọ. Jẹ́ kí apá tó fẹ̀ wà lókè. Ihò mẹ́jọ wà lókè, mẹ́jọ wà nísàlẹ̀. Láti ọwọ́ òsì rẹ lókè, ka 1 títí dé 8. Padà sí ọwọ́ òsì nísàlẹ̀, ka 9 títí dé 16. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ni 16 wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á láti ẹ̀yìn o, ibi tí iná ti ń jó èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn.

Fi mítà sí 16, fi ẹnu kejì sí bátìrì gan-an ní apá òdì. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò. Ó yẹ kó o rí fóòtì 12 àti díẹ̀. Tó o bá rí òfo, fíúsì ni. Tó o bá rí 12, gbé ẹnu òdì yẹn kúrò lórí bátìrì wá sí ihò 4. Tí 12 bá sọnù níbẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti já.

Fíúsì náà kì í pẹ́ rí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, wọ́n á kọ OBD, orúkọ sókẹ́ẹ̀tì yìí, sí i lára ìdérí bọ́ọ̀sì fíúsì. Ní ti àwọn ọkọ̀ mìíràn, òun àti ibi tí wọ́n fi ń tan sìgá ló jọ ń lo fíúsì. Ìyẹn ni pé tí ọlọ́kọ̀ bá sọ fún ẹ pé ṣájà fóònù òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí sikánà rẹ náà kò sì tàn, o ti rí i nìyẹn láìtíì mú irinṣẹ́.

Ọmọ Lágéré

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Iléṣà.

Ihò 16: òfo. Mo ṣí bọ́ọ̀sì fíúsì tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí èyí tí wọ́n kọ OBD sí, áńpíà 7.5 ni. Mo fi ẹnu púláyà fà á yọ, mo gbé e síwájú oòrùn. Irin wẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ti já, ara ike náà sì ti ní èéfín dúdú díẹ̀.

Mo bá pe ọmọ iṣẹ́ mi. Mo ní, ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí ṣáájú mi? Ó wolẹ̀. Ó jọ pé nígbà tí mo lọ ra plọ́ọ̀gì ní Sábó, ó fẹ́ fi hàn tíṣà pé òun náà mọ iṣẹ́. Ó rántí pé nínú Toyota, tí èèyàn bá fi wáyà so ihò 13 mọ́ 4, iná check engine á máa ṣẹ́jú, èèyàn á wá máa ka kóòdù. Ó gé wáyà kékeré, ó kì í bọ̀ ọ́. Ó ní iná kan ṣẹ́ pàrà, òun sì yára fà á yọ, òun ò wá lè sọ fún mi.

Tíṣà náà jẹ́rìí sí i. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Òṣómàáló

Hahaha! Tíṣà gan-an la bá ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Bàbá Rèwáyà

Má na ọmọ náà. Ohun tó rántí yẹn kì í ṣe irọ́, ọgbọ́n àwọn àgbà ni. 13 àti 4 nínú Toyota ń ṣe ohun tó sọ. Kíkà ni kò mọ̀ ọ́n kà. 13 ni ìkarùn-ún tó o bá ti ọwọ́ òsì ka ìlà ìsàlẹ̀: 9, 10, 11, 12, 13. Abẹ́ 5 gẹ́lẹ́ ló wà. Ọmọ yẹn lọ sí igun, ó fi 16 lu 4, ìyẹn ni pé ó fi bátìrì lu ẹ́ẹ̀tì. Kí a dúpẹ́ pé fíúsì wà láàárín wọn.

Báyìí o, ra 7.5, kó o fi 7.5 sí i. Má fi 10, má fi 30, má sì fi bébà inú páálí sìgá. Mo rí ọkọ̀ kan ní Mọ̀ọ́rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi wáyà bàbà dípò fíúsì irú èyí. Lọ́jọ́ tí nǹkan tún lu ẹ́ẹ̀tì, fíúsì kọ̀ láti jó, wáyà wá jó dípò rẹ̀, láti abẹ́ sítíárì títí dé ẹ̀yìn rédíò. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi lókè, orí mi nísàlẹ̀, tí mo ń pààrọ̀ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ju fíúsì igba náírà lọ.

Tó o bá fi tuntun sí i tó tún jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má fi ìkẹta sí i. Nǹkan ṣì ń lu ẹ́ẹ̀tì. Wò ó bóyá wáyà kékeré ọmọ yẹn já sínú ihò.

Màmá Ìbejì Parakin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mi ò kí ń ṣe mẹkáníìkì, ọkọ̀ tèmi ni mò ń wà. Ọmọ àbúrò mi ra nǹkan kékeré kan fún mi tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Iná pupa rẹ̀ ń tàn dáadáa, àmọ́ fóònù mi kò rí i rárá. iPhone ni mò ń lò. Ṣé fíúsì ni tèmi náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ẹ kú ilé, mà. Kì í ṣe fíúsì o, torí iná rẹ̀ ń tàn. Tí ẹ bá gbé e wò, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ ELM327 sí i lára tàbí sí páálí rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ń lo Bluetooth àtijọ́, ìyẹn kì í bá iPhone sọ̀rọ̀ láé, kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ tó máa gbọ́. Fóònù Android nìyẹn ń fẹ́, ẹ ó sì fún un ní nọ́ńbà 1234 tàbí 0000 tó bá bi yín. Ìkejì ń lo WiFi, ìyẹn ń bá iPhone ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sí ibi WiFi nínú fóònù, ẹ mú orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí áàpù. Áàpù máa bi yín ní àdírẹ́sì, 192.168.0.10 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ojú ọ̀nà rẹ̀ (port) sì jẹ́ 35000. Ìkẹta ni Bluetooth tuntun tí wọ́n ń kọ BLE sí, ìyẹn náà dára fún iPhone, ṣùgbọ́n inú áàpù ni ẹ ti máa mú un, kì í ṣe nínú ìtò Bluetooth fóònù.

Tó bá jẹ́ WiFi, ẹ pa dátà fóònù yín ná. Fóònù máa ń rí i pé WiFi yẹn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á wá fi í sílẹ̀ láìsọ fún yín.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ayédèrú ELM327 pọ̀ lọ́jà, àwọn kan nínú wọn ò gbọ́ gbogbo èdè tí ọkọ̀ ń sọ, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ sí páálí. Ó lè bá ọkọ̀ ti aládùúgbò sọ̀rọ̀ kó má bá tiyín sọ̀rọ̀.

Màmá Ìbejì Parakin

Páálí ti sọnù. Àwọn ìbejì ti fi ṣeré. Màá wò ó lálẹ́, ẹ ṣeun, ọmọ mi.

Ọmọ Lágéré

Mo ti fi 7.5 tuntun sí i, kò jó. Sikánà tàn! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Àmọ́ kò pẹ́. Ó gbé àwòrán ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ní kí n dúró, ó kú. Mo fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, ó tàn. Mo fọwọ́ sílẹ̀, ó kú. Tí mo bá tì í sókè díẹ̀ tí mo dì í mú bí ẹni di ọmọ ìkókó, ó máa ń dúró. Mo fi mítà wọn 16 sí 4, ó fún mi ní 12.5. Iná wà, ẹ́ẹ̀tì wà. Kí ló tún kù? Ṣé sikánà tèmi ló ti wá bàjẹ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀gbọ́n, mítà yín ń tàn yín jẹ. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa o, ohun tí ẹ bi í nìkan ló dáhùn.

Mítà onínọ́ńbà kì í mu iná, ìdènà inú ọ̀pọ̀ wọn tó ohm mílíọ̀nù 10. Tó bá jẹ́ pé fọ́nrán kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló kù nínú wáyà, tàbí tí irin ihò bá kàn ń fẹnu kan eyín sikánà, 12.5 ṣì máa dé ọ̀dọ̀ mítà. Àmọ́ sikánà ń mu iná gidi. Gẹ́rẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu, fóòtì á já sílẹ̀ lójú ibi tó tín-ín-rín yẹn, á kú. Ẹ yọ sikánà kúrò, ẹ tún fi mítà wọ̀n ọ́n, 12.5! Ẹ lè fi odidi ọjọ́ kan ṣe é.

Ẹ fi bọ́ọ̀bù dán an wò. Bọ́ọ̀bù kékeré wáàtì 5, irú èyí tó ń tan iná nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ́yìn, tẹ́ ẹ lẹ wáyà mọ́ lára. Apá kan sí 16, ìkejì sí 4. Tó bá mọ́lẹ̀ rekete, iná wà lóòótọ́. Tó bá ń rí pupa rúsúrúsú, tàbí tó ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń mi wáyà, ibẹ̀ ni. Ẹ tún lè jẹ́ kí bọ́ọ̀bù máa tàn lọ́wọ́ kí ẹ wá fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ máa rí iye tó kù gan-an.

Òṣómàáló

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó o tó wá bọ́ọ̀bù, mú tọ́ọ̀ṣì kó o wo inú ihò 16 àti 4. Fi wọ́n wé ihò tí ẹnikẹ́ni kì í lò, tó ní irin nínú. Irin inú ihò dà bí ètè méjì tó pàdé. Tí ẹnì kan bá ti ki nǹkan tó nípọn bọ̀ ọ́, ètè yẹn á là, kò ní lè di eyín sikánà mú mọ́.

Kí lo fi ń wọn iná nínú ihò yẹn láti àárọ̀?

Ọmọ Lágéré

Ẹnu mítà mi ni. Èyí tó wá pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n… mo ti wò ó. Ihò 16 ti là bí ẹnu ẹni tó ń yán. Tèmi ni. Mo tì í gan-an ni, torí mo rò pé kò kàn án. Ọmọ iṣẹ́ mi jó fíúsì, èmi náà wá la ihò. Mi ò ní sọ fún un.

Bàbá Rèwáyà

Sọ fún un. Ó ti jẹ́wọ́ tiẹ̀.

Bó o ṣe máa tún un ṣe rèé. Yọ okùn bátìrì ná, apá òdì, torí 16 kì í sùn, ó níná tọ̀sán-tòru. Sókẹ́ẹ̀tì yẹn ń yọ kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ etí rẹ̀ méjèèjì. Fà á wálẹ̀ kó o rí ẹ̀yìn rẹ̀. Irin kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n kékeré tó fi dúró sínú ike. Mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó gùn, tẹ ahọ́n yẹn láti iwájú, rọra fa wáyà láti ẹ̀yìn, irin á jáde sí ẹ lọ́wọ́. Wàá rí ètè tó là. Fi ẹnu púláyà tó tín-ín-rín jù lọ fún un pọ̀. Díẹ̀ ni o. Kó ṣe é wọ̀, kó má ṣe ṣe é fà yọ wẹ́rẹ́. Kó o tó dá a padà, mú eyín kan tó bá eyín sikánà dọ́gba, kì í bọ̀ ọ́, gbé e sókè. Tí irin bá lè rọ̀ mọ́ ọn láìjábọ́, ó ti tó. Tó bá jábọ́, fún un díẹ̀ sí i. Tó o bá fún un jù, ó máa ṣẹ́, o ò sì ní rí èyí tó bá a mu rà ní Ifẹ̀ lónìí.

Tó o bá dá a padà sínú ike, gbọ́ kó dún kẹ́. Tí kò bá dún, kò tíì wọlé, sikánà máa tì í sẹ́yìn nígbà tó o bá kì í bọ̀.

Láti òní lọ, ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì ni kó o ti máa wọn iná, níbi tí wáyà ti ń wọlé. Tó bá di dandan kó o gba iwájú, wá eyín tó tín-ín-rín, kó má ju ti sikánà fúnra ẹ̀ lọ.

Awakọ̀ Tírélà

Ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan kí n tó gbéra. Ẹ̀yin ọmọ sikánà, ẹ má ki sikánà ọkọ̀ kékeré bọ tírélà. Fóòtì 24 ni ọ̀pọ̀ nínú tiwa. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, èéfín jáde lẹ́nu sikánà rẹ̀ bí ẹni ń mu tábà. Mo ní kó pẹ̀lẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ́ńjìnnì

Òótọ́ ni, bàbá. Kí wọ́n ka ẹ̀yìn sikánà, wọ́n máa ń kọ iye fóòtì tó lè gbà síbẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un, torí mo ti rí i níbi tí mo ti ṣe ìdánrawò. Àwọn kan máa ń so sikánà mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB, á tàn, wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe é. USB lè tan ojú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò fi hàn pé ó lè gba iná láti inú ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò láìsí ọkọ̀, bátìrì fóòtì 12 ni kí ẹ lò, eyín 16 sí apá ẹ̀tọ́ (+), eyín 4 sí òdì (−), pẹ̀lú fíúsì kékeré láàárín. Tó bá tàn níbẹ̀ tí kò tàn nínú ọkọ̀, ọkọ̀ lẹ bá wí.

Ọmọ Lágéré

Bàbá, mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó gbà mí ní wákàtí kan àbọ̀, abẹ́rẹ́ sì gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ kẹ́. Mo dá okùn bátìrì padà. Mo ki sikánà bọ̀ ọ́, ó tàn, mo mì í, mo fà á, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi pa ilẹ̀kùn gbà. Kò kú!

Àmọ́ nígbà tí mo tẹ Toyota, ó yí fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ò lè bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ṣé fíúsì tó jó yẹn ti ba nǹkan mìíràn jẹ́?

Òṣómàáló

Ó ti di ìpele kejì nìyẹn. Ó ti jẹun, kò tíì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, bóyá ó máa wúlò fún ẹ.

Ọkọ̀ kan wọlé sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọjà Atakúmọ̀sà, panẹli bítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fẹ́ńdà rẹ̀ ṣe. Ẹ́ńjìnnì ń gbé, ṣùgbọ́n iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn bí ilé ìyàwó, ABS, sítíárì, gbogbo wọn. Sikánà tàn, kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ní ọkọ̀ tí ọdún rẹ̀ bá jẹ́ 2008 sókè láti Amẹ́ríkà, orí wáyà méjì tí wọ́n ń pè ní CAN ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ihò 6 àti ihò 14. Wáyà méjèèjì yẹn lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n sì ní ìdènà ohm 120 ní orí kan, òmíràn ní orí kejì. Tí èèyàn bá yọ bátìrì, tó ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tó wá fi mítà wọn ohm láàárín 6 àti 14, méjèèjì papọ̀ á fún un ní bí 60. Tó bá rí 120, orí kan ti já. Tó bá sún mọ́ òfo, wáyà méjèèjì ti fẹnu kanra.

Èmi rí 1.8.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sókẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, mítà ò gbé. Ọjọ́ kejì ni mo tó yọ fẹ́ńdà tuntun yẹn. Skúrù, irú èyí tó ń gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀, ló gba àárín gbogbo ìdì wáyà kọjá, ó sì gún CAN méjèèjì pọ̀ bí ẹni gún súyà. Mo yọ ọ́, mítà fò sí 60. Panẹli bítà ní òun ò mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Yọ bátìrì kó o wọn 6 sí 14 ná.

Bàbá Rèwáyà

Kó tó yọ bátìrì. Ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?

Ọmọ Lágéré

Bàbá, ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ tíṣà. Ebi pa á, ó lọ ra àkàrà ní Mayfair.

Bàbá Rèwáyà

Mo mọ̀.

Iná sikánà kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ló nílò ẹ̀. Brain box máa ń sùn títí tí wọ́n á fi yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn. Kì í ṣe ibi rédíò nìkan o, ìkejì.

Tó bá dé, yí i dé ibẹ̀, má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbé. Kó o tó wo sikánà, wo iná check engine. Ó gbọ́dọ̀ tàn kí ẹ́ńjìnnì tó gbé. Tó bá tàn, brain box ti jí. Tí kò bá tàn rárá, ìgbà yẹn gan-an la máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: fíúsì EFI, ìyẹn ètò tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní bẹntiróòlù, ńkọ́, rìlé EFI ńkọ́, ẹ́ẹ̀tì brain box ńkọ́. Kó o tún mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo tó bá lu ẹ́ẹ̀tì lè fa fóòtì 5 tí brain box fi ń bọ́ wọn wálẹ̀, kí brain box fúnra ẹ̀ dákú. Irú ìyẹn, wọ́n máa ń yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi jí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, brain box tí mo rí tó jó lóòótọ́ kò tó nǹkan, àwọn tí mo rí tí wọ́n pààrọ̀ láìnídìí pọ̀ gan-an.

Wo bátìrì náà. O ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti àárọ̀, iná inú ọkọ̀ ń tàn. Tí fóòtì bá ti lọ sílẹ̀ ju 12 lọ, àwọn ọkọ̀ kan á máa dá sikánà lóhùn ìdajì ọ̀rọ̀.

Ọmọ Lágéré

Tíṣà ti dé. Ó mú àkàrà wá fún mi náà.

Bátìrì jẹ́ 12.1. Yí kọ́kọ́rọ́, iná check engine tàn. Mo tẹ Toyota. Ó yí… ó wọlé! Mo rí nọ́ńbà ọkọ̀, mo rí gbogbo rẹ̀. Mo wọn 6 sí 14 lẹ́yìn náà torí ẹ̀gbọ́n Iléṣà, pẹ̀lú bátìrì ní yíyọ, láti ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì bí bàbá ṣe wí: 60.4.

Kóòdù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, P0442. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù ń jò díẹ̀. Mo lọ síbi ìdérí táǹkì, mo yọ ọ́, rọ́bà tó yí i ká ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, apá kan ti já kúrò. Tíṣà ní lóòótọ́ ni, ó tó oṣù mẹ́ta tí òun ti ń gbóòórùn bẹntiróòlù tí òun bá ti rọ ọ́ kún.

Ọkùnrin alá-AC ṣì ń bi mí bóyá kí òun pe oníbrain box.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ́ńjìnnì

60.4 ohm! Mo gbọ́ ọ títí dé yàrá mi ní ọgbà.

Màmá Ìbejì Parakin

Tèmi ti sọ̀rọ̀. WiFi ni. Dátà ni mi ò pa.

Ọmọ Lágéré

Ẹ kú oríire, mà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti fi ẹfun ya sókẹ́ẹ̀tì sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, apá tó fẹ̀ lókè, 1 títí dé 16. Mo sọ tèmi fún un. Ó kọ "ọ̀gá là á" sí abẹ́ 16, mo ní kó pa á rẹ́.

Ta ló ní ìdérí táǹkì Camry Muscle tó dára ní Ifẹ̀? Kó má jẹ́ ìdérí tó kàn ṣáà wọ̀ o, èyí tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀.

Òṣómàáló

Mo ní ọ̀kan níbí. Lọ sí gáréèjì bó bá di aago mẹ́rin, màá fi rán ọkọ̀ Iléṣà tó ń bọ̀. Mo ti dá iye rẹ̀ sílẹ̀, o sì mọ bí a ṣe ń gbowó.